Ẹ̀rọ Kò Mọ Àgbo

Ìró òfì ni ó máa ń kọ́kọ́ dé etí Alfa Ìsmáílà bí ó bá ti ń ronú kan ilé wọn àtijọ́. Ní agbolé Oníwàláà, lẹ́yìn ọjà Ìpàta, nígbà tí òun ṣì wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, méje, àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ mẹ́ta ló ń hun aṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú. Bí ọ̀kọ̀ ṣe ń lọ ló ń bọ̀, ṣàkà-ṣìkì, ṣàkà-ṣìkì, láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun Àsùbáà tán títí oòrùn yóò fi kan àtàrí. Kò sí ẹni tí í gbọ́ ọ mọ́, nítorí ó ti di èémí ilé. Ìgbà tí ó bá dákẹ́ ni gbogbo èèyàn máa ń gbọ́. Bí òfì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, obìnrin tó ń gúnyán á dá ọmọ odó dúró lókè, ọmọ tó ń ka wàláà á gbé ojú sókè, nítorí ọ̀ràn ti wọlé: ẹnìkan ló kú, tàbí wọ́n mú ẹnìkan, tàbí àwọn àgbà ti bẹ̀rẹ̀ ìjà.

Òfì ti lọ. Ọ̀kadà ni wọ́n ń tò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú báyìí. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Alámísì yìí, irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ló bo ilé, nígbà tí Alfa gbé fóònù kalẹ̀ sórí ẹní, tí ohùn Rasheedah ń jáde nínú rẹ̀.

Rasheedah ni lọ́yà wọn. Ọmọ kéwú Alfa ni tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti mọ álífù. Ó ti ní ọ́fíìsì tirẹ̀ ní Fate báyìí, ṣùgbọ́n bó bá ń bá Alfa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ á tún dà bíi ti ọmọ tó gbàgbé ohun tí wọ́n kọ́ ọ lánàá.

"Bàbá, ẹ má bínú, mo fẹ́ kí gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ọ̀la ni Bùọ̀dá Wàrísì máa dúró níwájú adájọ́. Ká ní òfin àtijọ́ ni, wọ́n á bu owó ìtanràn lé wọn, ẹ ó san án, wọ́n á máa bọ̀ nílé. Òfin yẹn ni wọ́n ti yí padà. Tuntun yìí ní, ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà pé òun mu ọtí wakọ̀, kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀, kò ní í lọ sẹ́wọ̀n. Wọ́n á gba láísẹ́ńsì rẹ̀ fún ọdún méjì, á máa ṣiṣẹ́ ìlú ní gbogbo Sátidé. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní òun ò mu, tí wọ́n wá dá a lẹ́bi, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni. Kò sí pé a fẹ́ sanwó."

"Ìgbà wo ni òfin ọ̀hún bẹ̀rẹ̀ ná?" Gàní, àbúrò Alfa, ló bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti bèèrè lánàá, ó ti bèèrè níjẹta.

"Ọjọ́ mọ́kànlá kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀ ni, Bàbá Gàní."

"Ọjọ́ mọ́kànlá!" Gàní pàtẹ́wọ́. "Ẹ wò ó! Ká ní ó kọlu ọmọ ọlọ́mọ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú ni!"

Gàní fúnra rẹ̀ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí, ó wá ń tún fìlà rẹ̀ dé.

"Aago mẹ́rin ni ọ́fíìsì kóòtù máa tì lónìí," Rasheedah ní. "Kí wọ́n tó pe Aláàsárì, ẹ jẹ́ kí Bùọ̀dá Wàrísì fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi pé àwọn gbà. Mo ti ṣe ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Tó bá ti kọjá aago mẹ́rin, kò sí nǹkan kan tí mo lè ṣe mọ́."

"Rasheedah, gbọ́ mi," Gàní tẹ̀ síwájú lórí fóònù bí ẹni pé ó fẹ́ wọ inú rẹ̀. "Ẹ̀rọ tí wọ́n ní kó fẹ́ èémí sí lẹ́nu yẹn. Ọmọ wa ò mu bíà. Àgbo ló mu. Àgbo jẹ̀dí! O ò lè ṣàlàyé fún adájọ́ ni?"

"Bàbá Gàní, ẹ̀rọ ò mọ àgbo, ẹ̀rọ ò mọ bíà. Ohun tó bá bá nínú èémí ló ń kà. Òfin tuntun sì ní ohun tí ẹ̀rọ bá kà ti tó ẹ̀rí, wọn ò nílò ẹlẹ́rìí kankan mọ́." Ó wá darí ọ̀rọ̀ sí Alfa. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Alfa ní, "Mo gbọ́, Rasheedah. Ọlọ́run á ṣe àlùbáríkà." Ó pa fóònù.

Abdulwaris, ọmọ Alfa tí wọ́n ń pè ní Wàrísì, jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń fi èékánná ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Tanke wọ inú ọgbà yunifásítì ló ń wà. Bọ́ọ̀sì náà wà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, gíláàsì iwájú rẹ̀ ti rún bí iyọ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti gba béèlì rẹ̀, kò tíì jáde kọjá kànga agbolé.

Nàfísàt, ìyàwó Alfa, gbé àwo màsà wọlé, ó gbé ẹ̀kọ tẹ̀lé e. Òórùn màsà gba gbogbo yàrá, ṣùgbọ́n kò sí ọwọ́ tó na síbẹ̀ àfi ọwọ́ Gàní.

"Sakinah, jẹun," Nàfísàt sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀. "Ìwọ nìkan kọ́ lò ń jẹun."

"Ìyá, ẹ dákun, n ò lè gbé e mì." Oyún oṣù márùn-ún wà nínú Sakinah, ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ó mú fóònù ọkọ rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tì í sí i lórí ẹní. "Bàbá Huda, fóònù yín rèé. Ọ̀rọ̀ mélòó ni? 'Mo mu ún, mo gbà.' Ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ara tu gbogbo wa."

Abdulwaris kò wo fóònù. "Bàbá ti búra."

"A mọ̀ pé Bàbá ti búra."

"Ó dáa. Tí mo bá wá kọ ọ́ pé mo mu, kí ni Bàbá dà? Ta ni yóò kírun lẹ́yìn wọn? Ẹ jẹ́ kí n lọ. Ọdún méjì ò pẹ́."

"Ẹ gbọ́ o! Kò pẹ́!" Sakinah fi ọwọ́ gbá ikùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. "Kí ẹ bi ẹni tó wà níbí bóyá ó pẹ́. Á dé, á jókòó, á rìn, á máa rí ọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ tó ń gbé Huda lọ síléèwé, á máa pè é ní bàbá. Ọdún méjì ò pẹ́!"

"Ìyàwó, rọra," Gàní ní, màsà lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ọkùnrin là ń sọ níbí."

"Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kẹ̀?" Nàfísàt ló dáhùn, kò gbé ojú sókè níbi tó ti ń bu ẹ̀kọ. "Mo ṣebí ọ̀rọ̀ igò ni."

Alfa gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹni tó búra ni ọ̀rọ̀ ń bá wí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè kọjú sí i. Ọjọ́ Jímọ̀ kan ṣẹ́yìn èyí tó kọjá ni. Ọ̀rọ̀ ti ń lọ kiri nígbà náà pé ọmọ Alfa mu ọtí, ó gé ẹsẹ̀ ọmọ yunifásítì. Ìsọkúsọ ni, ẹsẹ̀ kò gé, ó ṣẹ́ ni. Inú bí Alfa. Ó ṣí gúrúùpù Wasáàpù ilé-kéwú rẹ̀, tí àwọn òbí àti àwọn ọmọ kéwú àtijọ́ tó lé ní igba wà, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún lé Tírà, ó ní: "Wálláhì, bílláhì, Abdulwaris ọmọ mi kò fẹnu kan ọtí. Kádàrá ni." Kò pẹ́ ju bí èèyàn ṣe ń sín lẹ́ẹ̀mejì lọ. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ohùn náà ti dé Ọ̀mù-Àrán, ó ti dé Jẹ́dà.

Gbólóhùn yẹn ni Abdulwaris fẹ́ lọ ṣe ẹ̀wọ̀n fún.

"Ẹ̀gbọ́n," Gàní nu ọwọ́ rẹ̀ lára aṣọ, "èmi á sọ tèmi. Àgbo kì í ṣe ọtí. Gbogbo awakọ̀ gáréèjì ló ń mu ún. Kí bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́ tó gbéra, obìnrin alágbo ti dé, igò mẹ́wàá níwájú rẹ̀: ti jẹ̀dí, ti ìbà, ti ẹ̀yìn ríro. Mùsùlùmí ló pọ̀ níbẹ̀. Ẹni kan lára wọn ò sọ pé òun ń mutí. Oògùn ni!"

"Oògùn tó ń jẹ́ kí wọ́n máa kọrin nídìí mọ́tò," Sakinah ní.

"Kí ló dé tí wọn ò mú obìnrin ọ̀hún?" Nàfísàt gbé ìgbákọ kalẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ yẹn, ohùn rẹ̀ ga. "Ó ń ta á ní gbangba, òfin ń gba ibẹ̀ kọjá, òfin ń kí i. Ẹni tó rà á ni òfin mọ̀. Èmi ò ní ọmọ mi ò jẹ̀bi o. Mo kàn ń bèèrè. Wọ́n á mú Wàrísì lọ, lọ́la obìnrin yẹn á tún to igò rẹ̀."

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí Lami fi wọlé. Oníwàrà ni, ògiri kan ló pààlà ilé rẹ̀ àti tiwọn. Ó gbé igbá wàrà lórí, ó sì ti ń kí wọn láti ojúde.

"Asaláámù alékùm! Alfa, ẹ kú ìdúró. Ìyá Wàrísì, ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Mo mú wàrà díẹ̀ wá fún aboyún yìí, kò gbọ́dọ̀ sọ pé òun ò jẹ. Sakinah, ojú ẹ ti wọnú bí ojú òtòlò." Ó sọ igbá kalẹ̀, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. "Ẹ má bẹ̀rù ọ̀la rárá. Ìpàta ni mo ti ń bọ̀. Gbogbo àwọn oníṣu ló wà lẹ́yìn yín."

"O ṣé, Lami," Gàní ní. Ojú rẹ̀ là. "Ẹ gbọ́, ẹ̀gbọ́n? Kí ni wọ́n ń wí?"

"Wọ́n ní Alfa kì í purọ́. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn yẹn ti mọ ibi tí òótọ́ wà. Nítorí ẹ wò ó, bí awakọ̀ ò bá mu nǹkan kan, ta ló wá jẹ̀bi? Ọmọbìnrin yẹn náà ni! Wọ́n ní fóònù ló ń tẹ̀ tó fi kó sábẹ́ mọ́tò. Àwọn ọmọ Tanke, ṣé ẹ ò mọ̀ wọ́n ni? Ìyàwó Abdulkadir awakọ̀ tiẹ̀ ní wọ́n rí i tó ń ya fọ́tò ara rẹ̀ lójú títì."

"Ta ló rí i?" Alfa bèèrè. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ láti ìgbà tó ti pa fóònù nìyẹn.

Lami wò ó. "Wọ́n ní wọ́n rí i, Alfa."

"Mo ní ta ni?"

"Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ọjà ṣe rí." Ó rẹ́rìn-ín, ó wá rí i pé òun nìkan ló ń rín in. Ó yára gba ibòmíràn: "Abdulkadir ọ̀hún fúnra rẹ̀, ṣebí lọ́dún tó kọjá, ó mu yó, ó wa mọ́tò wọ ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Ó san ìtanràn, lọ́jọ́ kejì ó ti wà nídìí ọkọ̀, ó ń fun fèrè mọ́ wa. Òfin ìgbà yẹn dára o. Èyí tí wọ́n gbé dé yìí, òfin ọmọ ẹkùn ni. Kò mọ ẹni tí í ṣe olówó rẹ̀."

Lami pẹ́ díẹ̀ kó tó dìde. Nígbà tó lọ tán, Sakinah ti igbá wàrà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

"Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà," Nàfísàt sọ fún àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó àwo jáde.

Alfa kò lè jókòó mọ́. Ó dìde, ó jáde dé ìdí kànga, ó padà. Ó wọ yàrá, ó mú tẹ̀sùbáà, ó kà á dé ìdajì, ó gbàgbé ibi tó dé. Ó tún jáde. Lójúde, àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń fun fèrè, lọ́rì iṣu kan ti dí ojú ọ̀nà, àwọn alábàárù ń bú awakọ̀ rẹ̀, awakọ̀ ń bú wọn padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Oòrùn mú. Ó ń wò wọ́n, kò rí wọn.

Òórùn ló ń rántí. Ní ọjọ́ ìjàǹbá náà, nígbà tó dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó dì mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó gbóòórùn ohun náà, kíkan, gbígbóná, bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ti wà ní títì láti ọjọ́ pípẹ́. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí Abdulwaris ti máa ń jẹ orógbó kó tó wọ mọ́sálásí fún ìrun Mọ̀gàríbí. Bàbá wo ni kò mọ ohun tí ọmọ ń fi orógbó bò? Òun náà, ó máa ń yí ojú sí kíbíláà.

Nígbà tí wọ́n kírun Áílà tán ni obìnrin kan dé. Kò wọlé tààrà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ síbẹ̀. Aṣọ oko ló wà lára rẹ̀, ó fi ìborí funfun tó ti pọ́n bo orí. Àpò kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ilé Alfa Ìsmáílà nìyí?"

"Òun nìyí. Ẹ wọlé, ẹ dìde nílẹ̀."

Kò dìde. "Hàlímọ̀tù lorúkọ mi. Abúlé la ti wá. Èmi ni ìyá Raudah, ọmọ tí mọ́tò kọlù."

Sakinah fi ọwọ́ bo ẹnu. Abdulwaris, tó wà lórí àpótí nídìí ògiri, dìde dúró, kò sì mọ ibi tí òun fẹ́ lọ. Gàní sún mọ́ Alfa, ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "Ìjà ló bá wá. Ẹ má dá a lóhùn."

Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò bá ìjà wá. Ó ti àpò náà síwájú Alfa pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ̀wà ni. Kò pọ̀. Sàdáákà ni mo mú wá."

"Sàdáákà kí ni?" Alfa ní.

"Mo wá bẹ̀ yín ni, Alfa. Ọsibítù ni mo ti ń bọ̀. Ọmọ mi, látọjọ́ tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀gbẹ́ títì lòun dúró sí. Ó ní òun ń dúró de kẹ̀kẹ́ ni, òun ò mú fóònù jáde, pé mọ́tò ló yà bá òun níbẹ̀. Èmi náà gbà á gbọ́, ọmọ mi ni. Ìgbà tó wá yá, wọ́n gbé ohùn yín wá sí abúlé. Wọ́n tàn án sí mi létí. Mo gbọ́ tí ẹ ń búra." Ó nu ojú rẹ̀. "Mo lọ bá a, mo ní, Raudah, Alfa àgbà kò lè fi Ọlọ́run búra lórí irọ́. Ìwọ lo purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo bá a wí, Alfa. Mo ní kó má sọ ọ́ mọ́. Ó sunkún, ó ní òun ò ní sọ ọ́ mọ́. Láti ìjẹta kò bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà tún ní eegun ò fẹ́ so. Mo wá rò ó pé bóyá ẹ̀tọ́ yín ló wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹ dárí jì í. Ẹ bá wa ṣàdúà kó lè fi ẹsẹ̀ rìn."

Lójúde, lọ́rì iṣu ti rí ọ̀nà lọ.

Ogójì ọdún ni Alfa Ìsmáílà ti ń gbọ́wọ́ sókè fún àwọn èèyàn. Fún abiyamọ, fún arìnrìnàjò, fún òkú. Kò sí ọjọ́ kan tí ọwọ́ gòkè tí ẹnu kò ṣí. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè báyìí, àtẹ́lẹwọ́ kọjú sí i, gbogbo ilé sì gbọ́wọ́ tẹ̀lé e, títí kan Gàní. Wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Kò wá. Ó tún gbé e ga díẹ̀ sí i, bí ẹni tó ń na ọwọ́ sí nǹkan lórí àjà. Kò wá. Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀ sórí itan.

"Ìyá Raudah," ó ní, "ẹ gbé ẹ̀wà yín."

Ojú obìnrin náà yí padà. "Alfa, ṣé kò tó ni?"

"Kì í ṣe pé kò tó. Ẹ gbé e lọ. N ò lè gbà á."

Ohun tí obìnrin náà gbọ́ ni pé Alfa kò dárí jì wọ́n. Ó wólẹ̀, ó fi iwájú orí kan sìmẹ́ńtì, ó ń bẹ̀bẹ̀, Nàfísàt ló sáré wá gbé e dìde, ó fà á mọ́ra, ó mú un jáde. Wọ́n gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì nídìí kànga, wọ́n gbọ́ nígbà tí kẹ̀kẹ́ dúró, tó sì lọ. Nàfísàt padà wọlé, àpò ẹ̀wà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò gbà á padà," ó ní. "Ó ní kí n máa bá òun bẹ̀ yín."

Ó gbé àpò náà kalẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀, ó sì jókòó. Kò kúrò níbẹ̀.

Gàní ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn yín. Ó rọrùn. Kàfárà! Ẹ bọ́ òtòṣì mẹ́wàá, ẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta lé e, ìbúra ti kúrò lọ́rùn yín. Kò sẹ́ni tó gbọ́ sí i. Lọ́la a lọ sí kóòtù, a bá wọn jà."

"Kàfárà wà fún ẹni tó búra pé òun ó ṣe nǹkan, tí kò wá ṣe é," Alfa ní. Ohùn tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ ló fi sọ ọ́, láìmọ̀. "Ìbúra tí èèyàn mọ̀ pé irọ́ ni kó tó ya ẹnu, kò ní kàfárà. Oúnjẹ ò tó o. Ààwẹ̀ ò tó o. Ìwọ náà kọ́ ọ, Gàní. Orí ẹní kan náà la ti kọ́ ọ."

Gàní wò ó lójú. "Kó tó ya ẹnu kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ..." Kò parí rẹ̀.

Alfa yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Wàrísì, wá síbí."

Abdulwaris wá kúnlẹ̀.

"Kí lo mu lọ́jọ́ yẹn?"

"Àgbo ni, Bàbá."

"Mo ní kí lo mu."

Abdulwaris wo ọwọ́ ara rẹ̀. Sakinah ti ń sunkún láìfohùn.

"Ọtí ni, Bàbá. Ife mẹ́ta. N ò rí ọmọ náà àfi ìgbà tó ti wà lára gíláàsì."

"Mo mọ̀," Alfa ní.

"Bàbá, ẹ mọ̀?"

"Láti àgọ́ ọlọ́pàá. Kí n tó búra. Àti orógbó náà." Ó na ọwọ́. "Gbé fóònù mi wá."

Gàní dìde fùú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ fura o! Ta ni yóò tún mú ọmọ wá fún yín lẹ́yìn èyí? Ta ni yóò dúró lẹ́yìn yín nínú sàfù? Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ tirẹ̀ sí Rasheedah ní kọ̀rọ̀. Kí ló kan gúrúùpù?"

"Ní gúrúùpù ni mo ti búra."

"Ìyẹn náà ni mo ń wí! Ilé yìí ti pẹ́. Ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín..."

"Gàní," Nàfísàt ní, jẹ́jẹ́, "àwọn ará abúlé náà ní ilé."

Gàní mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Wọ́n gbọ́ bó ṣe ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ dé ojúde.

Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú ogún. Alfa tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn, ó ní "Asaláámù alékùm," ó sì dúró níbẹ̀. Ó pa á rẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ó sọ dé "ọmọ mi", ó tún dúró. Ó wá pinnu láti kọ ọ́. Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, ó gbé awò sójú, ó ń fa ojú mọ́ra. Ó kọ ọ́ gùn, ó fi kádàrá sí i, ó fi iṣẹ́ Èṣù sí i, ó fi bí òfin tuntun ṣe le tó sí i. Ó kà á. Ó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Huda ti ti iléèwé dé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báàgì lẹ́yìn, ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ pè é pé kó wá jókòó jẹ́jẹ́. Abdulwaris ṣì kúnlẹ̀.

Ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó kọ ọ́ tán, kò kà á lẹ́ẹ̀kejì. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì ni ó tẹ̀ ẹ́ lọ:

"Asaláámù alékùm. Èmi Ìsmáílà ni mo kọ èyí. Mo búra níbí pé Abdulwaris kò mu ọtí. Ó mu ún. Mo ti mọ̀ kí n tó búra. Raudah tó kọlù kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀gbẹ́ títì ló dúró sí. Ẹ bá mi fi èyí ránṣẹ́ sí gbogbo ibi tí ẹ fi ohùn mi ránṣẹ́ sí, pàápàá abúlé wọn, kí ìyá rẹ̀ gbọ́ lónìí. Rasheedah, gbé ìwé náà lọ, Wàrísì ti gbà. N ò ní í ṣíwájú ìrun lọ́la. Mo ń lọ sí ọsibítù lọ bẹ ọmọ náà. Ẹni tí kò bá fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá kéwú lọ́dọ̀ mi mọ́, n ò ní í bínú. Ẹni tó bá ṣì fẹ́, Sátidé, aago mẹ́sàn-án."